Ẹ Wá Ìbéèrè Kí Ẹ Tó Ra Fọ́ọ̀mù: Máásítà fún Àgbà Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Kwara

Mo ti pé ẹni ọdún 46 kí n tó ra fọ́ọ̀mù máásítà. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní, "Ìyàwó, èyí tó o kà tẹ́lẹ̀ ò tíì tó ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ń bá ẹ̀gúsí tí mo ń bó lọ.

Olùkọ́ girama ni mí lápá Òrò. Kì í ṣe ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló lé mi padà sí yunifásítì. Ọmọ SS2 kan ló bi mí ní kíláàsì pé, "Mà, ta ló gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́?" Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un. Ó tún ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, mà?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá ti dé Èsìẹ́, ìlú kan ní Kwara níbí, á mọ ìdí. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin, obìnrin, àwọn mìíràn jókòó lórí àpótí bí ẹni ń dúró de àlejò. Ọdún 1933 ni ìròyìn wọn dé etí àwọn òyìnbó. Nígbà tó di 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn àgbà ní èèyàn ni wọ́n, wọ́n di òkúta ni. Awalẹ̀pìtàn ní èsì tirẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa òkúta ní tirẹ̀, àwọn tó ń bọ wọ́n náà ní tiwọn. Bí mo bá di ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo mú, ìdajì ìbéèrè ọmọ yẹn á ṣẹ́kù sílẹ̀.

Irú ìbéèrè báyìí ni máásítà tó ń da ìtàn, lítíréṣọ̀, ẹ̀sìn, iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ àwùjọ pọ̀ wà fún. Bí ẹ bá ti lé ní 35, tí ẹ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì ní ilé tí ẹ ń bójú tó, bí mo ṣe rìn ín àti ibi tí mo ti ṣìnà ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìbéèrè ni kó ṣáájú

Mo mọ ẹnì kan tó sanwó, tó jókòó ní kíláàsì fún sẹ́mísítà méjì, kí wọ́n tó ní kó mú àkòrí wá. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ àwọn ọmọ tó tó ọmọ rẹ̀ lọ́mọ pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀kan. Kò parí rẹ̀ títí dòní.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa gbé e káàkiri fún oṣù kan gbáko. Ohunkóhun tó bá yà yín lẹ́nu ní ọjà, ní ibi òkú, ní mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú orin tí awakọ̀ ń gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìbéèrè. Lẹ́yìn oṣù náà, èyí tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀ ni tiyín.

Ìbéèrè ò wọ́n ní agbègbè wa yìí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ìjàkàdì lorò Ọ̀fà, kí ni ìjàkàdì yẹn sì ń ṣe fún ìlú? Báwo ni olórin dadakúàdà bíi Odòlayé Àrẹ̀mú ṣe ń bú olóṣèlú tí olóṣèlú náà sì ń fún un lówó? Àwọn ìwé àfọwọ́kọ èdè Lárúbáwá tí àwọn àáfà Ìlọrin fi sílẹ̀, kí ni wọ́n sọ nípa òwò, nípa ìgbéyàwó?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bí wọ́n ṣe ń gé e kù. Alájọkíláàsì mi kan kọ́kọ́ mú "Àṣà àwọn ará Ọ̀fà" wá. Ó fẹ̀ jù, bí ẹni fẹ́ fi abọ́ kan bu omi odò tán ni. Wọ́n bi í pé kí ló kàn án gan-an. Ó ní ìyá òun wà lára àwọn tó ti Ghana padà dé. Ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana, àwọn ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà kàn ò níye, Ọ̀fà àti Ìlọrin wà lára ìlú wọn. Níkẹyìn, ìbéèrè rẹ̀ di: báwo ni àwọn obìnrin Ọ̀fà tó ti Ghana dé ní 1969 ṣe tún òwò wọn bẹ̀rẹ̀, kí sì ni orin àti oúnjẹ tí wọ́n mú bọ̀ sọ nípa ohun tí wọ́n fi sílẹ̀? Ìtàn wà níbẹ̀, ọrọ̀ ajé wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀. Àwọn tó máa dáhùn rẹ̀ sì ń bẹ láàyè, ní ojú ọ̀nà ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín dára, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò kàwé púpọ̀. Bó bá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, òótọ́, kí ló fà á?", ẹ dì í mú. Bó bá kàn mi orí, ẹ padà sídìí ìwé kékeré yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibo lẹ máa gbé e lọ?

Ní Amẹ́ríkà, oyè yìí ní orúkọ tirẹ̀, liberal studies tàbí liberal arts. Yunifásítì Wesleyan ní ìpínlẹ̀ Connecticut bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1953, àwọn olùkọ́ girama wà lára àwọn tó ń lọ. Dartmouth dá tiwọn sílẹ̀ ní 1970. Níbí ńkọ́? Bí ẹ bá dé Postgraduate School, ọ́fíìsì yunifásítì tó ń bójú tó máásítà àti oyè tó jù ú lọ, tí ẹ ní liberal arts lẹ ń wá, akọ̀wé á kàn máa wò yín lójú ni. Nǹkan náà wà, orúkọ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1962. Ẹ lè da ìtàn, orin, iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ àwùjọ pọ̀ níbẹ̀ láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wàhálà rẹ̀ ni ọ̀nà: Ìlọrin sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó ní kíláàsì láti kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ rò ó dáadáa.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ dúró sílé, kí ẹ wọ ẹ̀ka kan ṣoṣo, kí ẹ sì mú àkòrí tó fẹsẹ̀ kan sí òmíràn lọ bá wọn. Yunifásítì Ìlọrin, tó ti wà láti 1975, ní ẹ̀ka ìtàn, ẹ̀ka èdè, ẹ̀ka ẹ̀sìn àti ti eré ìtàgé lábẹ́ òrùlé kan náà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malété, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ní ibùdó tó ń bójú tó ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ láìyà. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló bá òṣìṣẹ́ mu jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ rí olùkọ́ kan nínú ẹ̀ka náà, kí ẹ sọ ìbéèrè yín fún un, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n á gbà kí olùkọ́ ẹ̀ka mìíràn bá a bójú tó o. Bó bá ní "a ò kì í ṣe irú ẹ̀", ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹni tí kò lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá lè wo National Open University, NOUN. Wọ́n ní ibùdó ní Ìlọrin, wọ́n sì ní máásítà nínú ìmọ̀ àlàáfíà àti yíyanjú ìjà, tó jẹ́ àdàpọ̀ ìtàn, òfin àti ìmọ̀ àwùjọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú òkèèrè tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà, bíi Athabasca ní Kánádà, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń gbà, owó oṣù wa sì jẹ́ náírà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe yunifásítì nìkan. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi oyè oṣù díẹ̀ láti Kùtọnu tàn yín, ẹ rántí pé oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé, ìwé, ìwé

Ibí ni àgbà ti máa ń jìyà jù, torí ìwé tiwa ti gbó.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí ibùsùn: ìwé ẹ̀rí girama tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ìwé oyè àkọ́kọ́, ìwé NYSC, bóyá ti àgùnbánirọ̀ tàbí èyí tí wọ́n fún ẹni tó ti kọjá 30 ọdún kó tó jáde, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN. Ẹ kò nílò JAMB UTME mọ́, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá ní HND tàbí kíláàsì kẹta á kọ́kọ́ ṣe PGD, ìwé ẹ̀rí tó wà láàárín oyè àkọ́kọ́ àti máásítà, ó sábà máa ń gba ọdún kan. Mo ti rí oníPGD tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ ní kíláàsì.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tẹ́tí. Orúkọ ilé bàbá mi ló wà lórí ìwé ẹ̀rí girama mi àti oyè àkọ́kọ́, ti ọkọ mi ló wà lórí NIN àti ìwé iṣẹ́. Ẹni méjì ni mí lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ gbé àyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó pọ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó béèrè transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo èsì ìdánwò yín láti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti gba oyè àkọ́kọ́.

Transcript yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́, n ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sanwó fún wọn ní oṣù Kẹta. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Mo wọ mọ́tò lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin kan, fáìlì ya sílẹ̀ gbùràgbùrà, eruku bo wá. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi àti ẹ̀, à ń wá nọ́ńbà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi rí fọ́tò ara mi, ọmọ 21, irun dídì, tí mò ń wo kámẹ́rà bí ẹni tí kò ní gbèsè láyé. Oṣù Kẹsàn-án ni transcript jáde. Nítorí náà, ẹ sanwó rẹ̀ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ mú nọ́ńbà matric àti ẹ̀dà rìsíìtì lọ́wọ́, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn olùkọ́ tó máa jẹ́rìí yín ńkọ́? Méjì nínú tèmi ti kú, ẹnì kan ti lọ sí Amẹ́ríkà. Mo kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka mi àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀ mí rí, mo fi ẹ̀dà èsì mi àti iṣẹ́ àṣekágbá mi há a, ó sì jẹ́rìí sí ohun tó rí nínú fáìlì. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ mi ṣe èkejì. Ìkẹta ni olùkọ́ kan tí mo ti lọ jókòó sí sẹ́mínà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó tọrọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ kà á

Ojú ewé kan tàbí méjì ni, Gẹ̀ẹ́sì lẹ sì máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi Yorùbá rò ó ná. Àkọ́kọ́ tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àṣà ilẹ̀ wa." Ọmọ mi obìnrin kà á, ó ní, "Mọ́mì, ta ni kò fẹ́ràn ẹ̀?" Mo fà á ya. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọmọ SS2 yẹn, ó sọ ohun mẹ́ta tí ìtàn àtẹnudẹ́nu Èsìẹ́ sọ, ó sọ ibi tí ó ti takora pẹ̀lú ohun tí awalẹ̀pìtàn rí, ó wá sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nípa ìtakora náà. Ẹ má ṣe tọrọ àforíjì nítorí ọjọ́ orí yín. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ sọ ohun tó fojú yín rí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀gá, owó, ilé

Ẹ kọ ìwé gba àyè lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ gba èsì tó ní òǹtẹ̀, kí ó wọ fáìlì yín. Olùkọ́ ìjọba a máa gbé e gba ọwọ́ ọ̀gá àgbà lọ sí TESCOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ girama. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í ka ìwé ẹ̀rí tí wọn ò mọ̀ sí nígbà ìgbéga, kò sì sí ẹjọ́ tí ẹ lè rò. Ẹ bèèrè bóyá ìsinmi ẹ̀kọ́ olówó oṣù wà. Bí kò bá sí, ẹ tọrọ kí wọ́n kó kíláàsì yín jọ sí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ní ti owó, owó ilé ẹ̀kọ́ ò tó ìdajì ohun tí mo ná. Mọ́tò láti Òrò sí Offa Garage ní Ìlọrin, kòròpé láti ibẹ̀, dátà, ẹ̀dà ìwé, owó ìwádìí, ìwé dídì. Àjẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ ni mo ti yá a, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ẹ má yá owó èlé tí wọ́n ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kàwé. Ìwé ò tíì wọ orí tí àwọn tó yá yín lówó á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nílé, mo pe bàbá àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ jókòó, mo ní aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí, èmi ò sí nílé, bí ẹ tilẹ̀ rí mi. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó gba oṣù kan kí ó tó yé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíláàsì

Olùkọ́ wa kan kò ju àkọ́bí mi lọ. Bí a bá pàdé níta, á ní, "Ẹ káàsán, Mọ́mì." Ní kíláàsì, Dókítà ni mò ń pè é, mo sì ń dìde dáhùn bí àwọn yòókù. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ó ń mú kí iṣẹ́ yá fún ẹ̀yin méjèèjì. Òun ló dá iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ padà pẹ̀lú bírò pupa: "Ìtàn lẹ sọ, mà. Ìbéèrè yín dà?" Ó dùn mí fún ọjọ́ méjì. Òótọ́ ni, ẹnu olùkọ́ ni mo fi kọ ọ́, mò ń kọ́ ẹni tó ń kà á lẹ́kọ̀ọ́ dípò kí n máa wádìí.

Àṣà tó gbà mí nìyí: bí mo bá ka àpilẹ̀kọ kan tán, mo máa ń pa á dé, kí n fi gbólóhùn mẹ́ta kọ ohun tó sọ, ohun tó fi ṣe ẹ̀rí, àti ibi tí mo ti bá a jiyàn. Bí n kò bá lè kọ ọ́, n ò tíì kà á. JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ jọ sí, ń jẹ́ kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka àpilẹ̀kọ 100 lóṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà kan tó tún jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń tọ́jú orúkọ ìwé tí ẹ bá kà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń dì ìwé.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwádìí

Ẹni tó ń wádìí nǹkan ayé òyìnbó nípa Kwara máa ń sáré lọ sí Ìbàdàn, á sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin wà títí di 1967, Kàdúná ni púpọ̀ nínú fáìlì ìgbà náà wà, ní National Archives. Ilorprof ni àmì wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì tí àwọn ìwé mìíràn ti lò sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ní má baà parí sórí wíwá.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ẹ má ṣe fi fóònù ṣíwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sílé bàbá kan ní Èsìẹ́, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá sọ ohun tó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń fún àwọn arìnrìn-àjò, gẹ́lẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú obì lọ, mo bá wọn jókòó, a sọ̀rọ̀ iṣu, a sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní, "Ìyẹn tí mo sọ fún ẹ níjọ́sí, ti àlejò nìyẹn. Jókòó." Ìgbà yẹn ni mo tọrọ àyè láti gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbà. Bí wọ́n bá ní ẹ má gba ibì kan sílẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ má sì kọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíkọ ọ́ tán

Ẹ máa fún alábòójútó yín ní ohun kékeré léraléra. Ojú ewé mẹ́wàá á rí ẹni kà á. Orí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, orí tábìlì ló máa sùn sí. Ẹ fi ọjọ́ sórí gbogbo ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ lọ fúnra yín, pẹ̀lú ẹ̀dà mìíràn lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu.

Ìyanṣẹ́lódì lè dé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, oṣù Kẹwàá ló parí. Àwọn tó ń kàwé lọ nílé ní gbogbo ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín síbi mẹ́ta: kọ̀ǹpútà, íméèlì yín, àti fíláàṣì kan tó wà nílé ẹlòmíràn. Tèmi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òmù-Àrán, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà mi kú ni mo mọ iyì rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n á gbé e gba inú ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tí a jí kọ. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn ẹnu níwájú àwọn olùdánwò, ẹnì kan nínú wọn á sì wá láti yunifásítì mìíràn. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní fún yín lọ́rùn. Ẹ mú ẹ̀dà tí ẹ ti fi pépà lẹ̀ síbi tí ó ṣòro. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Mà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Mo ṣí ojú ewé 41.

Bí wọ́n bá ti ní kí ẹ lọ ṣe àtúnṣe, ẹ parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ gba ìwé èsì onígbà díẹ̀ ní Postgraduate School, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn náà. Ìwé ẹ̀rí gan-an lè pẹ́.